Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn mínísítà àyíká àti àwọn olórí ìlú ńlá: ẹ yé fi ojú ọ̀run ọdún 2020 ṣe fáàrí

Ẹ̀yin ọlọ́lá mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká, ẹ̀yin olórí ìlú ńláńlá, ẹ̀yin ọ̀gá àjọ tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wà níkàáwọ́ yín,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má bínú pé a ò ní pẹ́ lórí ìkíni.

Láti ìgbà tí kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà ti kásẹ̀ ńlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé kan jáde lọ́fíìsì yín lórí afẹ́fẹ́ kí àwòrán sátẹ́láìtì méjì má sí nínú rẹ̀. Ọ̀kan á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èkejì á mọ́ kedere. Ẹ ó kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé ṣáájú ìsémọ́lé rèé, ìgbà ìsémọ́lé rèé. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín máa ń já sí lẹ́yìn ìyẹn kò ju méjì lọ. Àwọn kan nínú yín á ní mọ́tò nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀, bí mọ́tò bá ti kúrò lọ́nà, ó bùṣe. Àwọn tó kù á ní gbogbo ayé ti jókòó sílé rí, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ò mọ́ tán, kí ni ìjọba tún fẹ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó tú wọn fó wà nínú kọ̀ǹpútà àjọ yín láti ọdún 2020, wákàtí dé wákàtí, ẹ ò sì fi ṣe ìpinnu kankan. Ìdí tí a fi ń kọ̀wé sí yín ní gbangba nìyẹn.

1. Àwòrán yẹn kò wọn ohun tí ẹ sọ pé ó wọ̀n.

Ẹ̀rọ TROPOMI tó wà lára sátẹ́láìtì Sentinel-5P, tí wọ́n yìn lọ sójú òfuurufú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2017, ni ọ̀pọ̀ àwòrán náà ti wá. Nitrogen dioxide, ìyẹn NO2, ni àwọ̀ pupa inú rẹ̀ dúró fún: gáàsì tó ń ti ẹnu sàlẹ́ńsà mọ́tò àti ihò èéfín ilé iṣẹ́ jáde. Eruku kíkúnná PM2.5, tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé inú ẹ̀jẹ̀, kò sí nínú àwòrán náà. Nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni sátẹ́láìtì yìí máa ń kọjá lórí ibì kan, nítorí náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí ọkọ̀ há gádígádí. Bí ìkùukùu bá bo ìlú, kò rí nǹkan kan. Ojú kan ṣoṣo lára àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 3.5 ní ìhà kan, 5.5 ní ìhà kejì, tó fi jẹ́ pé títì ńlá, ilé ìwé àti pápá ìṣeré á jọ wà nínú ojú kan náà. Gáàsì tó wà láti ilẹ̀ dé òkè ló sì ń kó pọ̀ ṣírò, ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀n ohun tó wà níbi imú ọmọ tó ń rìn létí títì.

Ìgbà ọdún tún wà níbẹ̀. Oòrùn ló ń pa NO2. Nígbà ooru, wákàtí mélòó kan ló ń lò kó tó túká; nígbà òtútù, ó lè lò tó ọjọ́ kan. Ní apá àríwá ayé, ẹni tó bá gbé àwòrán oṣù kìíní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oṣù kẹrin á rí ìyàtọ̀ lọ́dọọdún, àrùn jà o, àrùn ò jà o.

Ti Ṣáínà tún lọ́jú pọ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti Wuhan pa. Ọjọ́ 25 ni ọdún tuntun wọn bọ́ sí, àkókò tí ilé iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn tí òṣìṣẹ́ sì ń lọ sílé lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé NO2 ní ìlà oòrùn àti àárín gbùngbùn Ṣáínà fi ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bó ṣe máa ń rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Èyí tó fi ọwọ́ ìsémọ́lé hàn jù lọ ni pé bí àjọ̀dún ọdún tuntun náà bá ti parí, NO2 máa ń gòkè padà. Lọ́dún yẹn, kò gòkè. Ẹ̀rí tó lágbára wà níbẹ̀. Èyí tí kò lágbára lẹ fi sójú ìwé.

2. Ẹ ò yọ ojú ọjọ́ kúrò nínú ìṣirò yín.

Ohun méjì ló pàdé nínú iye tí ẹ̀rọ bá kà: èéfín tí a tú sílẹ̀, àti ohun tí atẹ́gùn fi èéfín náà ṣe. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ dáadáa, ìlú á mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá kú, tí afẹ́fẹ́ tútù dùbúlẹ̀ sílẹ̀ tí èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ wá bò ó bí ọmọrí ìkòkò, èéfín tí kò tó nǹkan á ṣú bo gbogbo ìlú.

Àwọn tó fara balẹ̀ ṣe ìṣirò yìí rí ohun tó yàtọ̀ sí tiyín. Ìwádìí kan kó ohun tí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ kà ní orílẹ̀-èdè 34 jọ, ó yọ ojú ọjọ́ kúrò, ó sì rí i pé NO2 wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, PM2.5 ní nǹkan bí ìdá 31, nígbà tí ozone, gáàsì míì tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, gòkè díẹ̀, bí ìdá 4. Òmíràn wo ìlú ńlá 11 ní ọ̀nà tó tún le ju ìyẹn lọ. Ìdínkù NO2 tí ìsémọ́lé fà gan-an níbẹ̀ kò ju ìdá 10 sí 50 lọ, ozone gòkè ní ìdá 2 sí 30, àfi ní London, PM2.5 wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú náà, ṣùgbọ́n ó gòkè ní London àti Paris. Ẹ tún ìyẹn kà: títì dá, eruku gòkè.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára àjọ tó bá ní òṣìṣẹ́ méjì tó mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa. Ẹ kó àkọsílẹ̀ wákàtí-wákàtí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jọ, ti ẹ̀rọ etí títì lọ́tọ̀, ti ẹ̀rọ tó jìnnà sí títì lọ́tọ̀. Ẹ fi bí atẹ́gùn ṣe yára tó sí i, ibi tó ti ń fẹ́ wá, ooru, ọ̀rinrin, bí ìpele afẹ́fẹ́ tí èéfín ti ń pò pọ̀ ṣe ga tó, wákàtí, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, àti ọjọ́ inú ọdún. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi àwọn ọdún tó ṣáájú 2020 kọ́ṣẹ́, kó wá sọ iye tí ẹ̀rọ ì bá kà ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ká ní kò sí ìsémọ́lé. Ẹ yọ iye tí ẹ̀rọ kà ní tòótọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìyókù ni ti ìsémọ́lé.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé. Àwọn kan á fi 2020 wé ìpíndọ́gba ọdún márùn-ún, wọ́n á gbàgbé pé mọ́tò tuntun ti ń dín NO2 kù lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wá gbé oríyìn mọ́tò tuntun fún ìsémọ́lé. Aago náà tún wà ńbẹ̀. Àwọn ìlú Yúróòpù sún aago wọn síwájú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2020, láàárín ìsémọ́lé gan-an. Bí àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ bá wà ní aago UTC, ìyẹn aago àgbáyé tí kì í sún, tí iye ọkọ̀ wà ní aago ìlú, sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ á yẹ̀ ní wákàtí kan gbáko, kọ̀ǹpútà á sì máa wá olè níbi tí olè ò gbà. Ní ti àwọn ìlú èbúté, ọjọ́ kìíní ọdún 2020 ni òfin IMO, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, tó dín imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ ojú omi kù láti ìdá 3.50 sí ìdá 0.50 nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú etíkun tí sulphur dioxide rẹ̀ wálẹ̀ tó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìsémọ́lé, ọ̀tọ̀ lẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Eruku kíkúnná kì í ṣe ọmọ mọ́tò nìkan.

PM2.5 ni eruku tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ, irun orí kan á fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í jáde láti ibì kankan bí eruku. Gáàsì ló bá jáde, inú afẹ́fẹ́ ló ti dì. Amóníà ń ti ara ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ gòkè; NO2 ń di ásíìdì nínú oòrùn; bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì rin, wọ́n á dì di iyọ̀ kíkúnná tí à ń pè ní ammonium nitrate. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin tí ẹ ti ìlú pa, àgbẹ̀ Yúróòpù kò ti oko pa. Àkókò tí wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ sóko ni. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá sì ti ìlà oòrùn fẹ́ wá, London á gba ìpín tirẹ̀ láti òdìkejì òkun. Ìlú tó fẹ́ dín eruku ìgbà ìrúwé kù tí kò sì fẹ́ bá mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ jókòó, eré ló ń ṣe.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, tí ọkọ̀ ti dá lójú pópó Beijing, èéfín ṣì bo ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó tú u palẹ̀ rí i pé atẹ́gùn kú, pé ọ̀rinrin pọ̀ tó fi ń yára sọ gáàsì di eruku, àti pé ilé iṣẹ́ amúnáwá àti ilé iṣẹ́ epo kò dáwọ́ dúró. Kò sì lè dáwọ́ dúró: ilé ìwòsàn ń fẹ́ iná. Ní Chiang Mai ní Thailand, iná igbó ló ba oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún náà jẹ́, kò sí ohun tó kan iná igbó kan ìsémọ́lé. Ẹni tó jókòó sílé nígbà òtútù náà á dáná sílé; bó bá jẹ́ igi tàbí èédú ló fi ń dá a, èéfín rẹ̀ kò dín kù torí pé mọ́tò rẹ̀ wà nínú gáréèjì. (Mọ́tò oníbátìrì pàápàá ní táyà àti bíréèkì, eruku tiwọn kò gba ti sàlẹ́ńsà kọjá.)

4. Ozone gòkè, ẹ sì dákẹ́.

Ozone tó wà lókè réré ń dáàbò bò wá, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwọ̀n imú ń jó ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sẹ́ni tó ń tú u sílẹ̀. NO2 àti gáàsì tó ń gbẹ lára epo bẹntiróò, ọ̀dà àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, tí à ń pè ní VOC, ló ń bí i nígbà tí oòrùn bá ràn. Ẹ wá wo ibi tó ti lọ́jú pọ̀: nitric oxide tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sàlẹ́ńsà jáde máa ń gba átọ́ọ̀mù oxygen kan lọ́wọ́ ozone, á sì pa ozone náà kú. Láàárín ìlú tí mọ́tò kún, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ létí títì nìyí láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dá, ohun tó ń pa ozone kò sí mọ́, VOC sì wà níbẹ̀. Ìwádìí kan rí i pé ozone gòkè ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ní Wuhan, 27 ní Turin, 24 ní Nice, 14 ní Rome.

Bí a bá ro NO2 àti ozone pọ̀ ní ìlú 11 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ọ̀kan ṣe ń dìde lórí àga ni èkejì ń jókòó.

Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ wa di pé kí mọ́tò máa tú èéfín lọ. NO2 fúnra rẹ̀ ń ṣe ìpalára, bí ẹ bá sì dín in kù jìnnà tó, ozone náà á tẹ̀lé e wálẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ẹ dín NO2 kù díẹ̀ kí ẹ má fọwọ́ kan VOC. Láti mọ ibi tí ìlú yín wà, ẹ fi iye NO2 tí sátẹ́láìtì kà pín iye formaldehyde tó kà, ìyẹn gáàsì tó ń ti ara VOC wá. Bí èsì bá kéré sí 1, VOC ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Bó bá ju 2 lọ, NO2 ni. Ààlà yìí lè sún díẹ̀ láti ìlú dé ìlú. TROPOMI yẹn náà ló ń ka méjèèjì. Sátẹ́láìtì tí ẹ ń lò fún àwòrán pupa àti funfun ti ń gbé ìdáhùn yìí kiri lórí yín lójoojúmọ́.

5. Ẹ dẹ òfin sílẹ̀ nígbà tí èémí wọ́n jù lọ.

Ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2020 ni EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn kò ní wá owó ìtanràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí àrùn Kòrónà bá dí lọ́wọ́ láti wọn èéfín rẹ̀ tàbí láti jábọ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ló tó parí. Oṣù márùn-ún tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó jáde láti inú ihò èéfín kan, nígbà tí àrùn tó ń jà ń ti ẹ̀dọ̀fóró pa èèyàn.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí ni èéfín padà. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ Ṣáínà ti ré kọjá ti irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ìsémọ́lé ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ará Jalandhar fi ń wo òkè Dhauladhar lókèèrè réré láti orí òrùlé wọn. Oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Delhi ti wà nínú èéfín padà, pẹ̀lú iná tí wọ́n ń sun pòròpórò ìrẹsì. Milan kéde kìlómítà 35 ọ̀nà fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, Paris kéde 50. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti High Street Kensington ní London kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi hú u kúrò ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Oṣù mẹ́ta kò tó láti fi wọn ohunkóhun.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má da carbon dioxide pọ̀ mọ́ èyí. Èyí tó ń jáde lójúmọ́ fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, gbogbo ọdún náà sì jẹ́ ìdínkù bí ìdá 5. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tó wà lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ka 417 ppm (ìyẹn 417 nínú mílíọ̀nù kan) ní oṣù karùn-ún, èyí tó ga ju gbogbo èyí tó ti kà rí lọ títí di ìgbà náà. NO2 ń kú láàárín ọjọ́ kan; carbon dioxide ń pẹ́ ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Ẹni tó dín omi ẹ̀rọ kù díẹ̀ kò tíì da omi inú àmù nù.

6. Ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ ń ṣì kà, ìsémọ́lé sì mú kí àṣìṣe náà pọ̀ sí i.

Ẹ̀rọ NO2 ìjọba tó ń lo irin molybdenum gbígbóná máa ń ka ásíìdì nitric àti àwọn gáàsì míì mọ́ NO2. Nígbà tí NO2 pọ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ní ọ̀sán ìsémọ́lé, tí NO2 kéré tí ozone sì pọ̀, ìpín ayédèrú yìí á tóbi. Àwọn ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí ẹ pín káàkiri tún burú jù: sẹ́lì NO2, ìyẹn ẹ̀yà inú wọn tó ń mọ gáàsì, tí kò ní àsẹ́ ozone á máa ka ozone bíi NO2, á sì sọ fún yín pé kò sí ohun tó yí padà. Ti PM2.5 tó ń lo ìmọ́lẹ̀ láti ka eruku, bí ọ̀rinrin bá ti ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, eruku á mu omi, á wú, ẹ̀rọ á sì kà á ní àkàjù. Ẹ fi ẹ̀rọ pọ́ọ́kú kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ní ìgbà ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ wà ní gíga kan náà, kí ẹ tó gbé e lọ sórí òpó iná.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi iye ẹni tí afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí pa láìtọ́jọ́ ní ọdún 2019 sí mílíọ̀nù 4.2. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni àjọ náà sọ ìwọ̀n PM2.5 ọdọọdún di máíkírógíráàmù 5 nínú mítà onígun mẹ́ta kan, láti 10. Ó sọ ti NO2 di 10, láti 40. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fi 10 fún PM2.5 àti 20 fún NO2 sínú òfin fún ọdún 2030. Ẹ kọ iye tiyín síta, àti ọdún tí ẹ máa dé ibẹ̀.

Ẹ gbé àkọsílẹ̀ wákàtí-wákàtí láti ọdún 2017 títí di òní síta lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ irú ẹ̀rọ tó kà á, aago tí ẹ lò, àti ọjọ́ tí ẹ fi gáàsì òdo (èyí tí kò ní ìdọ̀tí rárá) àti gáàsì ìdánwò (èyí tí a ti mọ iye ìdọ̀tí inú rẹ̀) yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ìyẹ̀wò yìí kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lọ. Ibi tí ó bá ti ṣófo nítorí pé òṣìṣẹ́ wà nílé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìpíndọ́gba dí i.

Ó kéré tán, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ibì kan tí wọ́n ti ń tú PM2.5 palẹ̀ sí nitrate, sulphate, èédú dúdú àti iyókù, pẹ̀lú ẹ̀rọ amóníà kan lápá ibi tí oko wà. Láìsí èyí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá sàlẹ́ńsà, ààrò tàbí ilé ẹran ni kí ẹ gbá mú, owó tí ẹ bá ná á sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Kí òfin pàjáwìrì tó ń dẹ wíwọn èéfín sílẹ̀ má ṣe wáyé mọ́. Bí òṣìṣẹ́ kò bá lè wọlé, ẹ̀rọ tó wà nínú ihò èéfín lè máa fi iye ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tàbí àdínkù ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ pa rẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi iye tí a wọ̀n fún oṣù méjìlá, pẹ̀lú ojú ọjọ́ tí a ti yọ kúrò, síwájú aráàlú.

Àti àwòrán méjèèjì yẹn: ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìwé yín títí ẹ ó fi lè kọ ọjọ́, ojú ọjọ́ àti ìdá tó jẹ́ ti ìsémọ́lé gan-an sábẹ́ wọn. À ń retí èsì yín láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ní gbangba bí a ṣe kọ tiwa.

Àwa òṣìṣẹ́ ìdíwọ̀n afẹ́fẹ́